Fáàsì gíláàsì títẹ̀ ti Czech: bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀, tẹ́ ẹ sì máa rà á láì jẹ́ kí wọ́n lù yín ní jìbìtì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sí car boot, ọjà tí wọ́n ti ń ta nǹkan àlòkù látinú búùtù mọ́tò, láàárọ̀ Sọ́ńdè ní UK, ó dá mi lójú pé ẹ ti rí i rí: fáàsì kan tó wúwo gan-an, tí ara ẹ̀ kún fún igun àti kókó roboto-roboto, tí wọ́n gbé sáàárín ife tíì àti DVD àtijọ́, tẹ́ ẹ bá sì béèrè ohun tó jẹ́, ẹni tó ń tà á á ní "Murano ni o" (gíláàsì olówó ńlá láti Ítálì nìyẹn) tàbí "kírísítà gidi ni," bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, gíláàsì títẹ̀ láti Czechoslovakia ni irú ẹ̀, láàárín 1950 sí 1980 tàbí lẹ́yìn ẹ̀ díẹ̀. Mọ́ọ̀dù irin ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde rẹpẹtẹ, àmọ́ ayàwòrán tó mọṣẹ́ ló ya bátànì ẹ̀. Àwọn èèyàn ń bi mí lemọ́lemọ́ bí mo ṣe ń dá a mọ̀, ó sì ti sú mi láti máa tẹ ìdáhùn kan náà sórí WhatsApp, ẹ jẹ́ n kọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí mo máa tẹnu mọ́ jù ni pé ẹ má fi ìta fáàsì bẹ̀rẹ̀. Ìta ni gbogbo ayé ń wò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣìnà, torí ẹnikẹ́ni lè fara wé bátànì, sítíkà ṣeé ṣí kúrò lára ọ̀kan kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, ẹnu ọlọ́jà sì lè sọ ohun tó bá wù ú. Inú fáàsì ò mọ irọ́ pa.

Ibi tó ti wá

Àwọn ará Bohemia, agbègbè kan nílẹ̀ Czech, ti ń ṣe gíláàsì tipẹ́tipẹ́. Àwa gan-an mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn láì mọ̀ pé a mọ̀ ọ́n, torí ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, agbègbè Jablonec nad Nisou níbẹ̀ ló ti wá. Tí ìrìn àjò bá gbé yín dé ọ̀hún, mùsíọ́ọ̀mù gíláàsì àti ohun ọ̀ṣọ́ wà nílùú yẹn, ẹ má fò ó dá.

Fáàsì tí à ń sọ yìí ní ìtàn tiẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, aládàáni ló ni àwọn fáktírì, irú bíi ti Josef Inwald tó ni Rudolfova Huť ní Dubí, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Teplice, nítòsí ààlà Jámánì. Ní 1945 ìjọba gba àwọn fáktírì ńlá ńlá, ní 1948 ẹgbẹ́ kọ́múníìsì gbàjọba pátápátá, nígbà tó sì di 1965 wọ́n kó àwọn fáktírì kan pọ̀ sábẹ́ orúkọ Sklo Union, olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Teplice. Orúkọ mẹ́rin lẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń kó o jọ: Rudolfova Huť, Heřmanova Huť tó wà lápá Plzeň, Libochovice, àti Rosice. Jablonecké sklárny náà ń ṣe gíláàsì títẹ̀ tó dáa ní Desná, àmọ́ òun ò sí lábẹ́ Sklo Union, ìyẹn ò sì ní kí àwọn ọlọ́jà má pe gbogbo ẹ̀ ní Sklo Union. Wọ́n tiẹ̀ máa ń pe fáàsì 1957 bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọn ò tíì dá Sklo Union sílẹ̀ rárá. Ẹ má bá wọn jà, ẹ ṣáà mọ̀ lọ́kàn yín.

Kí ló wá dé tí nǹkan olówó pọ́ọ́kú fi ní bátànì tó dáa tó bẹ́ẹ̀? Ìjọba ìgbà yẹn ń fojú méjèèjì ṣọ́ àwọn ayàwòrán àti àwọn agbẹ́gilére, tí iṣẹ́ wọn ò bá ti gbé ẹgbẹ́ òṣèlú ga, wàhálà dé nìyẹn. Gíláàsì ní tiẹ̀ ò jọ ohun tó lè bá ìjọba jà, ó ṣáà jẹ́ fáàsì àti abọ́, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀, ni àwọn tó ní nǹkan tuntun lórí bá ya síbẹ̀. Nígbà Expo 58, ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Brussels ní 1958, ilé tí Czechoslovakia kọ́ síbẹ̀ ló gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù, gíláàsì sì wà lára ohun tó gbé wọn débẹ̀.

Ẹ wo František Vízner. Ó parí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Prague ní 1962, ó bọ́ sídìí yíya bátànì gíláàsì títẹ̀ ní Dubí, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1967 kó tó kọjá sí fáktírì gíláàsì míì ní Škrdlovice. Gíláàsì gígé tó wá ń ṣe nígbà tó yá ti dé mùsíọ́ọ̀mù V&A ní London àti ti Corning ní Amẹ́ríkà, èmi àti ẹ̀yin ò lè fowó kàn án. Àmọ́ fáàsì títẹ̀ tó ya nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, charity shop, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan àlòkù fún iṣẹ́ àánú, lẹ ti lè bá a pàdé. Èyí gan-an ló fà mí sínú ọ̀rọ̀ yìí, ká sòótọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí tẹ́ ẹ bá mọ ìyẹn, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Gíláàsì tó ti yọ́ ni wọ́n á jẹ́ kó kán sínú mọ́ọ̀dù irin, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì ńlá gé e kúrò lára ìyókù, irin gígùn kan á wá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gíláàsì ò ní ríbi lọ àfi kó máa gun ara mọ́ọ̀dù lọ sókè títí á fi débi ẹnu. Ẹ rò ó bí odó àti ọmọ odó: mọ́ọ̀dù ni odó, irin tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn ni ọmọ odó. Ìta fáàsì, mọ́ọ̀dù ló ṣe é. Inú fáàsì, ọmọ odó ló ṣe é.

Ọmọ odó yìí gbọ́dọ̀ jáde padà lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, kò sì lè jáde tí inú bá fẹ̀ ju ẹnu lọ. Ìdí nìyẹn tí inú fáàsì títẹ̀ fi máa ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, tàbí kó lọ gbọọrọ, kì í yọ ikùn nínú. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí ọrùn ẹ̀ tín-ín-rín tí ikùn ẹ̀ tóbi, ẹ ti mọ̀ pé wọn ò tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn ni wọ́n fẹ́ sí i, àfi tó bá jẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán ni wọ́n tún fi iná yọ́ ẹnu ẹ̀ láti sún un pọ̀, ìyẹn ò sì wọ́pọ̀ nínú fáàsì ìgbà tí à ń sọ yìí.

Ẹ wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, tó bá kéré ẹ ki ìka méjì, kẹ́ ẹ fi pa ògiri inú ẹ̀ yí po. Tó bá ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, tí gbogbo kókó àti kòtò tó wà níta ò yọ sínú rárá, títẹ̀ ni. Tí inú bá ń tẹ̀lé ìta, pé ibi tí kókó wà níta ni kòtò wà nínú, atẹ́gùn ni wọ́n fẹ́ sí i nínú mọ́ọ̀dù, iṣẹ́ míì pátápátá nìyẹn. Mo fẹ́ràn àwọn tí ìta wọn jẹ́ igun mẹ́rin tí inú wọn sì rí roboto, torí gíláàsì á pọ̀ sí igun, á tín-ín-rín láàárín, tẹ́ ẹ bá wá gbé e sójú wíńdò, ibi tó nípọn àti ibi tó fẹ́lẹ́ á máa tẹ ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ tún yọjú wo ìsàlẹ̀ inú ẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà míì ẹ máa rí ilà kékeré kan tó wọ́, tó rí bákan, tó jọ pé ó sán. Ẹ má sáré jù ú sílẹ̀. Àmì sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi gé gíláàsì nígbà tó ṣì gbóná ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi èékánná ha á: ti sísọ́ọ̀sì wà nínú gíláàsì, kì í gbé èékánná, bẹ́ẹ̀ ni kì í tàn yẹ́ríyẹ́rí tẹ́ ẹ bá yí fáàsì sí iná. Èyí tó sán gidi á tàn fìrì bẹ́ẹ̀ ní apá kan, á tún pòórá tẹ́ ẹ bá yí i díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ojú ibi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé

Mọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ fáàsì máa ń ṣí sí méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó lè yọ gíláàsì jáde, ibi tí àwọn ègé yẹn ti pàdé á sì fi ilà sílẹ̀ lára ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ mọ́ọ̀dù odindi ni wọ́n fi ṣe é, pàápàá àwọn tó fẹ̀ lókè tó tín-ín-rín nísàlẹ̀, ìyẹn ò ní ní ilà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má tìtorí pé ẹ ò rí ilà kẹ́ ẹ sọ pé kì í ṣe títẹ̀.

Ibi ilà yìí lẹ ti máa mọ ayàwòrán tó gbọ́n. Ayàwòrán tó ń kánjú á jẹ́ kí ilà gba àárín òdòdó kọjá, ẹ ó kàn rí i gbàgàdà. Àwọn ará Dubí àti Libochovice yẹn, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi í pa mọ́. Ọ̀kan wà níwájú mi báyìí bí mo ṣe ń tẹ èyí, àwọ̀ ẹ̀ dà bí èéfín, ó ga tó 20 cm, ojú ò lè rí ilà kankan lára ẹ̀ tẹ́ ẹ bá wò ó títí. Èékánná ló bá a: orí igun gan-an ló gbà, láti ìdí lọ sókè, ó ṣẹ́rí kọjá lábẹ́ kókó kan, ó tún bọ́ sórí igun padà títí ó fi dé ẹnu, lẹ́yìn náà mo rí èkejì ẹ̀ ní igun tó dojú kọ ọ́. Ẹni tó ṣe irú mọ́ọ̀dù yìí ò kánjú o.

Ẹ wo etí ẹnu ẹ̀ náà. Òrùka irin kan ló máa ń wà lókè mọ́ọ̀dù tí ọmọ odó ń gba inú ẹ̀ kọjá, òrùka yẹn náà sì lè fi ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ yí ẹnu po. Wọ́n máa ń fi iná ra ara fáàsì lẹ́yìn tó bá jáde kí àwọn ilà yìí lè rọ̀, torí náà ẹ má retí pé ó máa mú lọ́wọ́. Tí gbogbo bátànì bá ti ṣú, tí igun ẹ̀ ò dá ṣáṣá mọ́, ó lè jẹ́ mọ́ọ̀dù ló ti gbó. Fún èmi o, mi ò ní san owó gidi lórí irú ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìdí ẹ̀

Ẹ dojú ẹ̀ dé. Àwọn kan, wọ́n lọ ìdí wọn kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn míì kàn ní etí roboto tí wọ́n fi jókòó. Fáàsì tó ti lo ogójì tàbí àádọ́ta ọdún lórí tábìlì á ti ní họ́họ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lábẹ́ ìdí, tó lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìní ètò, níbi tó ń kan tábìlì nìkan. Tí gbogbo họ́họ́ bá kọjú síbì kan náà, ẹnì kan ló fi sandpaper ṣe é.

Ẹ má wá orúkọ ayàwòrán nídìí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ò ní àmì kankan, èyí ló sì jẹ́ kí owó wọn wà nílẹ̀ fúngbà pípẹ́, torí àwọn òyìnbó tó ń ta nǹkan àtijọ́ ò mọ orúkọ tí wọ́n máa pè é.

Ìgbésẹ̀ 4: Sítíkà, ẹ gbà á gbọ́ níwọ̀nba

Skloexport tó wà ní Liberec ni ìjọba gbé iṣẹ́ títa gíláàsì sókè òkun lé lọ́wọ́, torí náà sítíkà tẹ́ ẹ máa rí sábà máa ń jẹ́ "Bohemia Glass, Made in Czechoslovakia" tàbí nǹkan tó jọ ọ́, kì í sọ fáktírì tó ṣe é. Fáktírì ní Slovakia náà lè wà lábẹ́ irú sítíkà bẹ́ẹ̀, kódà gíláàsì tí wọ́n fẹnu fẹ́. Ohun tó wúlò jù lára ẹ̀ ni orúkọ orílẹ̀-èdè: Czechoslovakia pín sí méjì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1993, tó bá jẹ́ "Czech Republic" lẹ bá lára ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé 1965 ni. Tí sítíkà bá wà, ẹ fi sílẹ̀ lára ẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ má ronú.

Ìgbésẹ̀ 5: Àwọ̀

Aláìláwọ̀ ló pọ̀ jù, lẹ́yìn ẹ̀ ni ámbà, àwọ̀ èéfín, ewé, búlúù, àti pọ́pù. Bátànì kan náà lè jáde ní àwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin àti ní gíga oríṣiríṣi, torí náà àwọ̀ nìkan ò lè sọ fáktírì fún yín.

Ọ̀kan wà tó máa ń dẹ́rù bani: ẹ rà á lójúmọmọ, ó jẹ́ pọ́pù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ gbé e délé, ẹ tan iná fluorescent, ó di búlúù. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní neodymium ló wà nínú gíláàsì náà, àwọn ará Czech fẹ́ràn ẹ̀ láti ìgbà 1920s. Ní ti tọ́ọ̀ṣì UV tí gbogbo èèyàn ń rà kiri báyìí, èyí tó bá tàn yòò ní àwọ̀ ewé lábẹ́ ẹ̀ ní yùréníọ̀mù nínú, ẹ lè gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù láìsí wàhálà, ẹ ṣáà má fi jẹun. Àmọ́ orílẹ̀-èdè tó lo yùréníọ̀mù pọ̀, kò sọ pé Czech ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ yọ àwọn tó jọ ọ́ kúrò

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù.

Whitefriars, iléeṣẹ́ gíláàsì kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n máa ń pè é jù, torí Whitefriars wọ́n. Àwọn tí Geoffrey Baxter ya tí wọ́n gbé jáde ní 1967, irú bíi Banjo àti Drunken Bricklayer, atẹ́gùn ni wọ́n fẹ́ sí wọn nínú mọ́ọ̀dù. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, á jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀. Murano náà, iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹ ò ní rí ilà mọ́ọ̀dù tó lọ láti òkè délẹ̀ lára èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe. Ti fáktírì Riihimäki ní Finland, púpọ̀ nínú ẹ̀ ní ọrùn tín-ín-rín, ẹ ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Kírísítà gígé lọ́rọ̀ ọ̀tọ̀, torí Czech náà ló ń ṣe é, sítíkà "Bohemia" náà ló sì máa wà lára ẹ̀. Ẹ fi ìka pa orí bátànì: èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé, etí ẹ̀ mú. Èyí tí wọ́n tẹ̀, etí ẹ̀ á rọ̀, kò ní mú. Kírísítà ní òjé nínú, ìyẹn ló ń jẹ́ kó wúwo jù tẹ́ ẹ bá gbé méjì tí wọ́n jọ ga jọ nípọn, tẹ́ ẹ bá sì fi èékánná ta etí ẹ̀, á dún gbọọrọ kó tó dákẹ́. Títẹ̀ á kàn dún kọ́, ó tán.

Àwọn tó le gan-an ni àwọn tí wọ́n tẹ̀ bíi tiẹ̀, torí inú wọn ò ní yàtọ̀. Poland ló súnmọ́ ọn jù: fáktírì Ząbkowice, níbi tí Jan Sylwester Drost àti ìyàwó ẹ̀ Eryka Trzewik-Drost ti ń ya bátànì, iṣẹ́ wọn dáa débi pé tẹ́ ẹ bá ṣi ọ̀kan mú fún Czech ẹ ò pàdánù nǹkan kan. Jámánì ní iléeṣẹ́ Walther. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Davidson àti Sowerby ní Gateshead, Jobling ní Sunderland, ọ̀pọ̀ nínú tiwọn ti wà ṣáájú ogun, bátànì ẹ̀ sì máa ń jẹ́ òdòdó àti ẹyẹ tàbí ti ayé Art Deco, àṣà ọnà ìgbà 1920s àti 1930s. Fún irú àwọn yìí, kò sí ọ̀nà míì ju kẹ́ ẹ fi bátànì wé ìwé lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wá orúkọ ẹ̀

Gbogbo bátànì ló ní nọ́ńbà nínú kátálọ́ọ̀gù fáktírì, àwọn tó ń kó o jọ sì ti ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn kátálọ́ọ̀gù yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọn gíga ẹ̀, ẹ wọn fífẹ̀ ẹnu ẹ̀, ẹ ka ilà mọ́ọ̀dù. Ẹ yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò pẹ̀lú pépà funfun lẹ́yìn ẹ̀, ẹ yà á láti òkè kí wọ́n rí inú, ẹ ya ìdí ẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n yà níwájú pẹ̀lú fíláàṣì ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti dá yín lóhùn.

Èyí wá ni àṣírí tí àwọn ọlọ́jà ò ní sọ fún yín: ẹ fi èdè Czech wá a. Ẹ tẹ "váza lisované sklo" kẹ́ ẹ fi orúkọ fáktírì kún un, yálà Rosice tàbí Libochovice, lórí Aukro, ọjà gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn lọ́hùn-ún. Ohun tí òyìnbó UK ń pè ní "rare" máa ń kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ ẹni tó ya á torí ilé ìyá wọn ni wọ́n ti bá a.

Lọ́kàn yín, ẹ máa kọ́ ọwọ́ ayàwòrán kọ̀ọ̀kan. Vízner fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò, roboto tó tò tẹ̀lé ara wọn, kò sí àṣejù. Vladislav Urban ló ya fáàsì Rosice tí lẹ́ǹsì ńlá wà lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e sójú ìwé ìròyìn lẹ́tà á yí dà. Adolf Matura máa ń jẹ́ kí ara gíláàsì rí ságisági. Rudolf Schrötter jẹ́ àgbà láàárín wọn, iṣẹ́ tiẹ̀ ṣì ní òórùn ayé Inwald lára. Rudolf Jurnikl, František Pečený àti Pavel Pánek, ẹ ó máa bá orúkọ wọn pàdé. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ní London, ọ̀fẹ́ ni wíwọ V&A, ẹ lọ wo gíláàsì ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kójú yín lè là.

Ìgbésẹ̀ 8: Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ fi èékánná yí ẹnu ẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ yí ìdí ẹ̀ po, lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ pa gbogbo kókó tó yọ síta torí ibẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ jù. Ẹ gbé e sójú oòrùn, kì í ṣe abẹ́ táńpólì.

Ẹ ṣọ́ra fún fáàsì tí omi wà nínú ẹ̀ tàbí tí inú ẹ̀ tutù. Gíláàsì tí omi òdòdó ti jẹ nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ṣú bí ìkùukùu, tẹ́ ẹ bá wá bu omi sí i tàbí tẹ́ ẹ fi òróró pa á, ìkùukùu yẹn á pòórá, ó di ẹ̀yìn ìgbà tẹ́ ẹ gbé e délé tó gbẹ kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó nù ún gbẹ. Tó bá bínú, ẹ máa lọ.

Lórí owó, mi ò ní pe iye, torí ó ń yí padà. Lórí eBay ẹ má wo iye tí wọ́n kọ, ẹ lọ síbi àwọn tó ti tà tán, iye tí èèyàn san gan-an ló wà níbẹ̀. Èyí tó bá ga, tó ní àwọ̀ tó jinlẹ̀, tí ara ẹ̀ sì pé, lẹ lè fi owó lé lórí. Aláìláwọ̀ kékeré pọ̀ nígboro, ẹ fara balẹ̀ títí ẹ ó fi bá a ní owó tíì. Èyí tó bá ti ṣẹ́ létí, mi ò kì í rà á àyàfi tí mi ò bá rí bátànì yẹn rí, kí n lè fi kọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ tètè mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa kó jọ, bóyá fáktírì kan, bóyá ayàwòrán kan, bóyá búlúù nìkan. Ẹni tó bá ń ra gbogbo ẹ̀ á kàn rí i pé yàrá ti kún, ìyàwó tàbí ọkọ á sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ẹ ní ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ máa ń kọ ibi tẹ́ ẹ ti rà á, iye tẹ́ ẹ san àti ìwọ̀n ẹ̀ sí.

Ìgbésẹ̀ 9: Fífọ̀ àti fífi ránṣẹ́

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọwọ́ abọ́, ó tó. Ẹ tẹ́ tówẹ̀lì sínú síńkì kó tó wọ ibẹ̀. Ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọwọ́ abọ́, ooru àti ọṣẹ ibẹ̀ á ba ara ẹ̀ jẹ́, ẹ má sì da omi gbígbóná sí èyí tó tutù torí gíláàsì tó nípọn tó báyìí á sán wẹ́rẹ́. Tí funfun omi bá gan mọ́ inú ẹ̀, ẹ da fínígà sí i kó sùn mọ́jú. Ibi tí ọwọ́ ò dé, ẹ da ìrẹsì tútù àti omi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ máa mì í yí. Tí ìkùukùu ò bá kúrò lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, gíláàsì fúnra ẹ̀ ló ti jẹ, fínígà ò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́. Sítíkà owó charity shop, òróró díẹ̀ á tú u, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí òróró yẹn tàbí omi kan sítíkà Czech.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ má gbé e sídìí, ẹ má sì gbé e sókè. Ẹ kọ́kọ́ ki aṣọ rírọ̀ sínú fáàsì láì fún un jù, ẹ fi bubble wrap wé e lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ gbé e sínú páálí tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá ki páálí náà sáàárín aṣọ àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, kí aṣọ yí i ká débi tí kò fi lè kan ara dúrọ́ọ̀mù níbì kankan. Méjì ò gbọ́dọ̀ wà nínú páálí kan o, bó ti wù kẹ́ ẹ wé wọn tó, ara wọn ni wọ́n máa fọ́. Ẹ kọ "gíláàsì" gàdàgbà sára páálí náà, torí ẹni tó máa tú dúrọ́ọ̀mù ní Ìbàdàn, ìrẹsì àti mílíìkì ló ń wá, kò mọ̀ pé fáàsì wà níbẹ̀.